Pọ́ǹpù ìgbọ́nmi fún ọkọ̀ fáíbà tó ti pẹ́: èwo ni kí n rà, níbo ni kí n gbé e sí?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ ojú omi. Ọkọ̀ fáíbà kan tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 17 ni mo rà lọ́wọ́ ẹni tó ti lò ó pẹ́, ẹ́ńjìnnì Yamaha 40 tí à ń fi okùn fà ló sì wà nídìí rẹ̀. Ìjẹ̀dẹ̀, lápá Ìkòròdú, ni mo ń so ó mọ́, ojú omi ló sì máa ń sùn. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, omi á ti bo pákó ẹsẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ọmọ tó ń bá mi ṣọ́ ọ á sì máa fi kẹ́ẹ̀gì tí a gé lórí gbọ́n ọn títí ọwọ́ á fi ro ó. Mo fẹ́ fi pọ́ǹpù oníbátìrì sí i, irú èyí tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Mẹkáníìkì mi ní kí n má ṣe lu ihò kankan sára ọkọ̀ tó ti gbó. Ẹlòmíràn ní kí n ra èyí tó tóbi jù lọ, pé òun ni yóò gbà mí lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá lu. Wọ́n tún ní ẹ́ńjìnnì afokùnfà kò lè bọ́ bátìrì. Ọ̀rọ̀ ta ni kí n mú nínú wọn?

* * *

Ẹ fi pọ́ǹpù sí i. Èmi kò rí ìdí tí ọkọ̀ tó ń sùn lójú omi ní àkókò òjò Èkó fi yẹ kó wà láìní ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó náwó, ẹ kọ́kọ́ mọ irú omi tí ẹ ń bá jà, nítorí ọ̀tọ̀ ni ẹjọ́ omi òjò, ọ̀tọ̀ ni ti omi ọ̀sà.

Ẹ gbọ́n ọkọ̀ náà gbẹ, ẹ fi àkísà nù ún dé gbogbo kọ̀rọ̀, kí ẹ sì fi tapólì bò ó mọ́jú lálẹ́ tí òjò kò rọ̀. Bí ẹ bá bá omi nínú rẹ̀ láàárọ̀, ọ̀sà ló wọlé, a sì gbọ́dọ̀ wá ibi tó gbà wọlé. Nínú ọkọ̀ fáíbà àtijọ́, ìdérí ihò tí a fi ń da omi nù nídìí ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, torí pé rọ́bà rẹ̀ máa ń gan, á sì sán. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ wo ojú àwọn nọ́ọ̀tì tó de ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì wo abẹ́ iwájú ọkọ̀ tó máa ń ha iyanrìn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wọ́ ọ gòkè.

Ẹ fara balẹ̀ wo ìdí ọkọ̀ níbi tí ẹ́ńjìnnì fi kọ́. Pákó ló wà láàárín fáíbà méjèèjì níbẹ̀. Bí omi bá ti gba ojú nọ́ọ̀tì wọ inú pákó yìí, yóò máa rà láìsí pé ẹnikẹ́ni rí i lóde. Ẹ mú òòlù kékeré, kí ẹ máa fi èèkù rẹ̀ kàn án láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tó le yóò dún kó-kó-kó, ibi tó ti rà yóò dún bù-bù, ìyàtọ̀ náà kì í sì í pamọ́ fún etí. Bí ẹ bá gbọ́ bù-bù, owó pọ́ǹpù náà kọ́ ló kàn. Owó oníṣẹ́ fáíbà ló kàn, nítorí ẹ́ńjìnnì lè já bọ́ kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ẹ wo fóòmù abẹ́ pákó ẹsẹ̀ pẹ̀lú. Bí ọkọ̀ bá ń rẹlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lójú omi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ti gbọ́n ọn gbẹ, ó ṣeé ṣe kí fóòmù náà ti mumi yó. Kò sí pọ́ǹpù tó lè fa omi inú fóòmù.

* * *

Ẹnì kan kọ̀wé pé òjò lásán kò lè ri ọkọ̀, pé kí ẹni tó béèrè yé e dààmú. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ rárá, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 17 gùn ju mítà 5 lọ díẹ̀. Ká ní ó fẹ̀ ní mítà 1.8, ojú tí òjò ń rọ̀ sí á tó mítà 9 onígun mẹ́rin. Bí òjò mìlímítà 50 bá rọ̀ lóru kan, bẹ́ẹ̀ òjò oṣù kẹfà lè rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ l'Ékòó, lítà 450 ló wọnú ọkọ̀ yẹn. Ìwúwo rẹ̀ jẹ́ kìlógíráàmù 450, ìyẹn ìwọ̀n àgbàlagbà mẹ́fà.

Àgbàlagbà mẹ́fà sì lè jókòó jẹ́ẹ́. Omi kì í jókòó; apá ibi tí ọkọ̀ bá tẹ̀ sí ni gbogbo rẹ̀ á rọ́ lọ, ìyẹn á sì tún tẹ ọkọ̀ náà sí i. Bí ó bá rọ́ sẹ́yìn, níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀, etí ìdí ọkọ̀ tí wọ́n gé sílẹ̀ fún ẹ́ńjìnnì á sún mọ́ ojú ọ̀sà, ìgbì kékeré kan ló kù tí omi á fi máa wọlé fúnra rẹ̀. Báyìí ni ọkọ̀ tí kò ní ihò kankan lára ṣe máa ń rì síbi tí wọ́n so ó mọ́.

* * *

Ọ̀rọ̀ títóbi pọ́ǹpù ló dá gbọ́nmi-si-omi-ò-to-o sílẹ̀ jù nínú gbogbo èsì tó wọlé. Àwọn kan ní 500 ti tó; àwọn mìíràn ní kí a má ra ohun tó kéré sí 2000.

Nọ́ńbà ara páálí yẹn ni iye gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà tí pọ́ǹpù ń fà ní wákàtí kan, gálọ́ọ̀nù kan níbẹ̀ sì jẹ́ lítà 3.785. Èyí túmọ̀ sí pé 500 ń fa nǹkan bíi lítà 31 ní ìṣẹ́jú kan, 1100 ń fa lítà 69, 2000 sì ń fa lítà 126. Ṣùgbọ́n vólítì 13.6 ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é fi máa ń wọ̀n ọ́n, láìgbé omi gòkè rárá. Nínú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, bátìrì kì í ju vólítì 12 àti díẹ̀ lọ, omi yóò sì tún gòkè, yóò ṣẹ́ kọ́nà nínú rọ́bà kó tó jáde. Ìdajì ohun tí wọ́n kọ sára páálí ni èmi fi máa ń ṣírò, kò sì tíì já mi kulẹ̀.

Ní ti ẹni tó ní èyí tó tóbi jù ni yóò gbani lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá lu: ihò tí kò ju ínǹṣì 1 lọ, tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 30 sábẹ́ omi, lè gba lítà 45 sí 70 wọlé ní ìṣẹ́jú kan, bí ẹnu ihò náà bá ṣe rí. 1100 tó ń fa ìdajì, ìyẹn lítà 34 tàbí 35, kò lè bá a. 2000 yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba, bí bátìrì bá lágbára, tí ìdọ̀tí kò sì dí i. Bẹ́ẹ̀ gẹdú tó ń léfòó lójú ọ̀sà kì í lu ihò ínǹṣì 1. Ńṣe ló ń la fáíbà ní gígùn. Ẹgbẹ́ ABYC, tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ fún àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Amẹ́ríkà, sọ ọ́ kedere pé omi òjò, omi tó ta wọlé àti èyí tó ń jò díẹ̀díẹ̀ ni pọ́ǹpù yìí wà fún, pé kì í ṣe fún ọkọ̀ tó ti fọ́. Ohun tí yóò gba ẹ̀mí là lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀wù amúniléfòó tí ẹ ti wọ̀ sọ́rùn kí ẹ tó kúrò ní èbúté.

Fún ọkọ̀ yìí, 1100 ni mo dìbò fún. Rọ́bà tó ń lò fẹ̀ tó mìlímítà 28, ìdọ̀tí sì máa ń gba inú rẹ̀ kọjá ju ti 500 lọ. Iná tó ń mu kò pọ̀, nǹkan bí ámpíà 3. 2000 lè mu ámpíà 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò sì fẹ́ wáyà tó nípọn àti bátìrì tó tóbi, fún iṣẹ́ tí 1100 yóò parí ní ìṣẹ́jú 13 lórí lítà 450 tí a ṣírò lókè.

* * *

Lórí ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì: òdodo wà nínú ohun tó sọ, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ tán. Ẹ kò gbọdọ̀ lu ihò sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, kódà kí ó jẹ́ ojú ìdè kékeré. Ẹ gé pákó kékeré tí ẹ ti fi résìn, oje tó ń gan tí a fi ń ṣe fáíbà, pa yí ká, ẹ ha ìsàlẹ̀ ọkọ̀ níbẹ̀ títí yóò fi mọ́, tí yóò sì gbẹ, kí ẹ sì fi aṣọ fáíbà àti résìn lẹ pákó náà mọ́lẹ̀. Ara pákó yìí ni ẹ ó de ìdí pọ́ǹpù mọ́, kí gígùn ìdè má sì tó nínípọn pákó.

Ihò kan ṣoṣo tí ẹ nílò ni ibi tí omi yóò gbà jáde, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lókè omi ni yóò sì wà. Ẹ fi résìn pa etí ihò náà, ẹ fi gọ́ọ̀mù ọkọ̀ ojú omi bíi Sikaflex 291 sí i kí ẹ tó de ẹnu páìpù tí omi yóò gbà jáde mọ́ ọn.

* * *

Ibi tí pọ́ǹpù yóò jókòó sí ni ibi tó rẹlẹ̀ jù nígbà tí ọkọ̀ bá ń sùn, ìyẹn ìdí ọkọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ní iwájú ẹ́ńjìnnì. Àmọ́ ẹ má gbàgbé pé igi ìdábùú tó wà lábẹ́ pákó ẹsẹ̀ pín ìsàlẹ̀ ọkọ̀ sí yàrá-yàrá. Ihò kéékèèké wà lára igi wọ̀nyí kí omi lè ṣàn wá sẹ́yìn. Nínú ọkọ̀ àtijọ́, iyanrìn àti résìn àwọn tó ti tún un ṣe rí ti máa ń dí wọn. Ẹ fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ yọ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì da omi sí iwájú láti wò ó bóyá yóò dé ẹ̀yìn.

Ẹ gé ilẹ̀kùn kékeré sójú pákó ẹsẹ̀ lókè pọ́ǹpù náà. Bí ọwọ́ yín kò bá lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìtú ọkọ̀, kò sẹ́ni tí yóò fọ̀ ọ́ láé.

* * *

Ẹnu tí omi ń gbà jáde ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ máa ń ṣì gbé. Wọ́n á wọn ọkọ̀ nígbà tó ṣófo, wọ́n á lu ihò sí sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lókè omi, inú wọn á sì dùn. Mo rí ọkọ̀ kan ní Ìpakodò tí wọ́n ṣe báyìí: nígbà tí wọ́n kó àpò sìmẹ́ǹtì sínú rẹ̀, ihò náà wọ abẹ́ omi, kò sì pẹ́ lẹ́yìn tí pọ́ǹpù dáwọ́ dúró tí ọ̀sà bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú rọ́bà kan náà padà wọlé.

Nítorí náà, ẹ kó iye èèyàn àti ẹrù tó pọ̀ jù tí ẹ máa ń gbé sínú ọkọ̀, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà síbi tí omi dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kí ẹ wá wọn sẹ̀ǹtímítà 25 gòkè láti orí ìlà yẹn. Ẹ jẹ́ kí rọ́bà kọ́kọ́ gòkè sún mọ́ etí ọkọ̀ kó tó tẹ̀ wá sẹ́nu ihò.

Ẹnì kan ní fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà ló sàn jù, nítorí pé omi tó ṣẹ́kù sínú rọ́bà máa ń ṣàn padà, tí pọ́ǹpù á sì máa tàn, táá máa kú. Ẹ wo bí omi yẹn ṣe kéré tó: mítà 2 rọ́bà mìlímítà 28 kò gbà ju lítà 1 àti díẹ̀ lọ. Nítorí lítà kan, ẹ fẹ́ fi ohun tó ń dín agbára omi kù, tí ewé kékeré kan sì lè há mọ́ lẹ́nu, sí ojú ọ̀nà kan ṣoṣo tí omi ní. Mi ò ní fi í sí ọkọ̀ mi. Rọ́bà tí inú rẹ̀ dán ni kí ẹ rà, kì í ṣe èyí tó ní ìdì-ìdì nínú, nítorí omi máa ń falẹ̀ nínú ìyẹn. Kí ẹ fi kílíìpù irin tí kì í dípẹtà dì í ní méjì-méjì.

* * *

Ó kan iná, ibí yìí sì ni mo ti fẹ́ kí ẹ fọkàn bá mi lọ jù, nítorí kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù wà nínú ọkọ̀ kan náà.

Wáyà ilé ni ọ̀pọ̀ oníná àdúgbò yóò gbé wá, wọ́n á lọ́ ọ pọ̀, wọ́n á fi tépù dúdú wé e. Ẹ má gbà fún wọn. Ọ̀pọ̀ wáyà ilé jẹ́ bàbà ẹyọ kan tó le, gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì á sì ṣẹ́ ẹ. Bákan náà, omi ọ̀sà Èkó máa ń níyọ̀ gan-an nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí omi odò bá fà tí òkun sì rí àyè wọlé. Ẹ bó irú wáyà bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn kan, ẹ ó rí i pé ẹnu bàbà rẹ̀ ti di aláwọ̀ ewé, dúdú sì ti tẹ̀ lé e wọnú lábẹ́ rọ́bà, níbi tí tépù kò lè dé. Wáyà onífọ́nrán tí wọ́n fi tánganran bọ̀ ni kí ẹ wá, mìlímítà 2.5, kí ẹ fi ojúpọ̀ tí a ń tẹ̀ pa so ó, kí ẹ sì fi rọ́bà tó ń sún kì bí ooru bá kàn án bò ó. Gbogbo ojúpọ̀ gbọ́dọ̀ wà lókè ibi tí omi inú ọkọ̀ lè dé.

Fíúsì wà lára ohun tí mi ò lè fi jáfara. Bí ọ̀rá bá lọ́ mọ́ abẹ̀bẹ̀ inú pọ́ǹpù tí kò lè yí mọ́, iná tó ń fà yóò pọ̀ sí i, wáyà yóò sì gbóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ẹ̀gì yín. Iye tí wọ́n kọ sára pọ́ǹpù ni kí ẹ fi sí i, kí ó má sì jìnnà sí bátìrì ju sẹ̀ǹtímítà 18 lọ. Mo bẹ yín, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi fọ́nrán wáyà tàbí ìṣó rọ́pò fíúsì tó bá jó.

Láti ibẹ̀, wáyà kan yóò lọ tààrà sí súìṣì tó ń léfòó, èyí tí omi máa ń gbé sókè kó lè tan pọ́ǹpù, láìgba ara súìṣì àgbà kọjá, kí pọ́ǹpù lè ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá ti pa gbogbo nǹkan tí ẹ sì lọ sílé. Òmíràn yóò gba súìṣì ọwọ́ kọjá, kí ẹ lè tàn án fúnra yín bí èyí tó ń léfòó bá há.

Àwọn tó ní pọ́ǹpù yóò máa jẹ bátìrì tán kò ṣírò. Ìṣẹ́jú 13 pẹ̀lú ámpíà 3 kò tó ámpíà-wákàtí 1, bẹ́ẹ̀ bátìrì 75 ló wọ́pọ̀ lọ́jà. Ohun tó ń pa bátìrì ni súìṣì tí ìdọ̀tí gbé sókè tí kò lè wálẹ̀ mọ́: ámpíà 3 fún wákàtí 24 jẹ́ 72, bátìrì yẹn sì ti kú kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́.

Ní ti ẹ́ńjìnnì afokùnfà, bí tiyín bá ní kọ́ìlì tó ń pèsè iná fún gílóòbù, iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ló ń mú jáde, ẹ kò sì gbọdọ̀ so ó mọ́ bátìrì láìgba ara rectifier kọjá, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń sọ iná náà di irú èyí tí bátìrì lè gbà. Bí kò bá ní, páńẹ́ẹ̀lì sólà wáàtì 20 pẹ̀lú kọ́ńtúrólà rẹ̀ yóò bọ́ bátìrì náà, kódà nígbà òjò, fún iṣẹ́ tó kéré tó èyí. Ẹ de bátìrì mọ́nú àpótí, kí ó jìnnà sí epo.

* * *

Ẹni tó béèrè padà wá. Ó ní òun ti fi tapólì wò ó, kò sí omi láàárọ̀ àfi bí ife kan nídìí, àti pé ìdérí ihò ló ń jò, òun sì ti pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀. Ó ń béèrè bóyá òun lè dá ọmọ tó ń ṣọ́ ọkọ̀ dúró báyìí.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dá a dúró. Pọ́ǹpù tó ń tàn fúnra rẹ̀ máa ń bo àṣírí ọkọ̀ tó ń jò. Ọkọ̀ á gbẹ lójú yín lójoojúmọ́, ẹ ò ní mọ̀ pé ihò náà ń fẹ̀ sí i, títí di ọjọ́ tí bátìrì á kú. Ẹ so iná pupa kékeré mọ́ wáyà pọ́ǹpù kí ó máa tàn nígbàkígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, kí ọmọ náà sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ lóru tí òjò kò rọ̀. Bí pọ́ǹpù bá tàn lóru gbígbẹ, ẹ gbé ọkọ̀ gòkè. Kí kẹ́ẹ̀gì tí ẹ gé yẹn náà má kúrò nínú ọkọ̀.

* * *

Ẹnì kan dá a lábàá pé kí a lo pọ́ǹpù adágún ẹja pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ kékeré, pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀fẹ́. Rárá o. Iná vólítì 220 nínú ọkọ̀ tó kún fún omi lè pa èèyàn. Òórùn epo bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló máa ń jókòó sí, bẹ́ẹ̀ a kò ṣe pọ́ǹpù adágún láti má ṣe tan iná níbẹ̀. Ẹ ra èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kò lè tanná ran epo.

Bí ẹ bá sì gbọ́ òórùn epo nínú omi ìsàlẹ̀, ẹ má tàn án. Àkísà ni kí ẹ fi fa epo náà kúrò. Àwọn apẹja ń na àwọ̀n wọn síbi tí omi yín ń dà sí.

* * *

Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn ni bí a ṣe máa mọ̀ pé iṣẹ́ náà dára. Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ gbé súìṣì tó ń léfòó sókè, pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ dún. Lẹ́yìn náà, ẹ da garawa lítà 10 mẹ́wàá sínú ọkọ̀ láìtan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì fi fóònù ka àkókò títí yóò fi fà á tán. Fún 1100, ìṣẹ́jú mẹ́ta dára gan-an. Ẹ kọ iye náà sẹ́yìn ilẹ̀kùn kékeré tí ẹ gé, kí ẹ tún un ṣe kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Bí ó bá ti falẹ̀, ẹ tú asẹ́ ìdí rẹ̀ wò fún ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti gbòǹgbò ewéko hyacinth tó ń bo ojú ọ̀sà, nítorí àwọn méjèèjì ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Bí asẹ́ bá mọ́, ẹ wo rọ́bà bóyá ó ti tẹ̀ pọ̀ níbì kan. Bí ìyẹn náà kò bá ní àbùkù, ẹ fi mítà wọn vólítì lẹ́nu bátìrì àti lẹ́nu pọ́ǹpù nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Bí ìyàtọ̀ wọn bá ju ìdajì vólítì lọ, ojúpọ̀ wáyà ni kí ẹ tú, ẹ má tíì ra pọ́ǹpù tuntun.